Èló Ni Wọ́n Ń Ṣe Áàpù?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú dáńfó, ẹ kú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ. Èmi nìkan ni mo jókòó lónìí, torí ẹnìkejì mi lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Ó ní kí n má fi ètò wa ṣeré. Mo ti gbọ́.

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí kì í wọlé sórí WhatsApp mi: "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni wọ́n ń ṣe áàpù?" Ó parí síbẹ̀. Kò sọ ohun tí áàpù náà máa ṣe, kò sọ ẹni tó máa lò ó. Ẹni tó bá tiẹ̀ fẹ́ ṣàlàyé díẹ̀ á ní, "Bíi Uber ni, àmọ́ kò ní tóbi tó Uber." Tẹ́lẹ̀, inú máa ń bí mi. Màá dá wọn lóhùn pé, "Èló ni wọ́n ń kọ́ ilé?" Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ẹni tó fẹ́ náwó gbọ́dọ̀ mọ iye tó fẹ́ ná. Àwa tí à ń kọ kóòdù ni ọ̀pọ̀ wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀. Irọ́ la fi ń dáhùn, a ò sì mọ̀ pé irọ́ là ń pa.

Èmi náà ti pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Oṣù méje ló gbà lọ́wọ́ mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó ilé mi pẹ̀lú. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ. Lẹ́yìn náà màá ṣàlàyé bí mo ṣe ń ka owó iṣẹ́ nísinsìnyí, pẹ̀lú nọ́ńbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù, ẹ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wa, ẹ fetí sílẹ̀ jù wọ́n lọ, torí owó yín ni.

Oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú mi lọ bá màmá kan tí wọ́n ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Màmá Aláṣọ. Léèsì, àǹkárá, gèlè, gbogbo ohun tí ìyàwó ọ̀nà máa ń wá kiri. Aṣọ ẹbí gan-an ló ń mówó wọlé fún wọn. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta ló wà lábẹ́ tábìlì wọn, ọ̀kan ti ya ní àárín. Ẹni tó ti san, ẹni tó kù, yáàdì mélòó, ta ló gbà á lọ, inú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n kó o síwájú mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́ kí gbogbo ìwé yìí wọ inú fóònù. Èló ni?"

Mo ní, "600,000 ni, Mà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí 600,000 náà, kí ojú lè tì mí dáadáa. Mo wo ojú Mọ́mì. Mo wo iye aṣọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní nínú ara mi pé tí mo bá pe mílíọ̀nù kan, ẹ̀rù á bà wọ́n. Tí mo bá pe 300,000, wọ́n á rò pé ọmọdé ni mí. Ni mo bá pe iye tó wà láàárín. Bí wọ́n ṣe ń pe owó ẹran lọ́jà ni mo ṣe pe owó iṣẹ́. Wákàtí kankan ò sí nínú ìṣirò yẹn, ọjọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Àwọn náà sì ṣe ohun tí ọlọ́jà gidi máa ń ṣe: wọ́n ná an sí 500,000. A parí rẹ̀ sí 550,000, wọ́n san ìdajì lọ́jọ́ yẹn. Inú mi dùn. Mo ra súyà nígbà tí mo ń lọ sílé.

Ohun tí mo kọ sínú fóònù mi ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ojú ìwé tí wọ́n máa gbà wọlé. Àkójọ aṣọ. Ẹni tó ra kí ni. Owó tó wọlé. Ìlà mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ṣé ó le?

Ó wá dọ̀la. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra aṣọ ẹbí rí, ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ra aṣọ ẹbí bí wọ́n ṣe ń ra búrẹ́dì. Ẹlòmíì á san díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọ̀rẹ́ ìyàwó kan á gba owó lọ́wọ́ èèyàn 30, á wá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láì kọ orúkọ ẹnì kankan sí i. Ẹbí ọkọ ń ra ní iye kan, ẹbí ìyàwó ń ra ní iye mìíràn, torí ìyá ìyàwó ti bá Mọ́mì sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹnì kan fẹ́ aṣọ láì fẹ́ gèlè. Ẹnì kan fẹ́ fìlà méjì. Ẹnì kan ti san tán, kò wá gbé e, ìgbéyàwó sì ti kọjá. Ṣé owó rẹ̀ ni wọ́n máa dá padà ni, àbí aṣọ ṣì jẹ́ tirẹ̀? Gbogbo èyí wà nínú ìwé mẹ́ta yẹn. Iwájú mi ni wọ́n kó o sí. Mi ò ṣí i.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti kíyè sí mi nìyí: Mọ́mì ò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Wọ́n ti ń ṣe òwò yẹn kí n tó mọ̀wé kọ. Èmi ni mi ò béèrè.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi iṣẹ́ hàn wọ́n, wọ́n ní, "Ó dára gan-an, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tẹ́ni tó ń san díẹ̀díẹ̀ dà?" Mo ní kékeré ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù, ẹ wẹ ẹnu yín mọ́ kúrò nínú "kékeré ni" yẹn. Ọjọ́ kan ni mo rò pé ó máa gbà. Ọjọ́ 11 ló gbà, torí pé bí owó bá ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, gbogbo ibi tí mo ti kọ ọ́ sí pé ẹni yìí "ti san" tàbí "kò tíì san" ni mo ní láti tú palẹ̀.

Láàárín ìyẹn, Oṣù Kejì ọdún 2023 dé. Ẹ rántí rẹ̀? Wọ́n pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà sí tuntun, owó gidi wá wọ́n bí ojú. Gbogbo èèyàn ń fi báńkì ránṣẹ́ owó, àlẹ́ẹ̀tì ò sì ń wọlé. Mọ́mì pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan: "Ọmọ mi, áàpù yìí gbọ́dọ̀ lè mọ ẹni tó fowó ránṣẹ́." Wọ́n ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Òwò wọn ń kú lọ lójú wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun pátápátá nìyẹn, kò sí nínú ìlà mẹ́rin mi, mo sì gbà á láì sọ̀rọ̀ owó, torí ojú ń tì mí láti béèrè lọ́wọ́ àgbà.

Ìparí Oṣù Karùn-ún, owó ìrànwọ́ orí epo lọ. Epo bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, jẹnẹrétọ̀ sì ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lálẹ́. Oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ sọ́jà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 kọjá 750 kí oṣù náà tó parí. Dọ́là ni mo sì fi ń san owó sáfà tí iṣẹ́ Mọ́mì wà lórí rẹ̀. Náírà ni wọ́n ti san fún mi, láti ọdún tó kọjá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti di oṣù méje. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nínú 550,000, mo san 150,000 fún ọmọbìnrin tó bá mi ya ojú áàpù náà. Ó ku 400,000. Pín in sí oṣù méje, ó lé díẹ̀ ní 57,000 lóṣù, kí n tó ra epo, kí n tó ra dátà, kí n tó san owó sáfà. Nígbà yẹn, 30,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí. Èmi tí mò ń pe ara mi ní onímọ̀ kọ̀ǹpútà, nígbà tí mo bá yọ gbogbo ìnáwó kúrò, mi ò ju ìyẹn lọ. Lánlọ́ọ̀dù wá kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi yẹn náà ló yá mi lówó.

Ní Oṣù Keje, Mọ́mì tún béèrè ohun kan, mo sì fi ìbínú sọ fún wọn lórí fóònù pé mi ò ṣe mọ́. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ṣé mo jí owó rẹ ni? Iye tí o pè ni mo san." Mi ò rí nǹkan fi dá wọn lóhùn. Òótọ́ ni. Mo gé fóònù, mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà ń wò mí. Mo ní kí Mọ́mì jẹ́ ká kọ gbogbo ohun tí wọ́n ti béèrè látìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ 23. Mo kọ iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí mi ò retí wá ṣẹlẹ̀: Mọ́mì mú báírò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà lé e lórí. "Èyí ò ṣe pàtàkì. Èyí, mo kàn ń sọ ọ́ ni. Èyí, ọmọ mi Túńdé ló ní kí n béèrè." Wọ́n pa 14 rẹ́. Mẹ́sàn-án tó kù ni wọ́n san 200,000 lé lórí, ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún wọn pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tí wọ́n ń béèrè ló ní iye tirẹ̀. Ohun tí kò níye lórí, ta ni ò ní béèrè rẹ̀?

Ó dáa. Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyí.

Nǹkan àkọ́kọ́ ni pé mo mọ iye tí ọjọ́ kan mi jẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ọ́n. Ọdún ní ọjọ́ 365. Yọ Sátidé àti Sọ́ńdè kúrò, ó ku bíi 261. Yọ ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ọjọ́ ibà, àti ọjọ́ tí ìwọ náà máa sinmi, ó ku bíi 225. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo 225 lo máa fi kọ kóòdù tí ẹnì kan ń sanwó rẹ̀. Ní tèmi, ìdá kan nínú mẹ́ta ń lọ sórí ìpàdé tí kò bí iṣẹ́, bíìlì kíkọ, àti pípe ẹni tó jẹ mí lówó. Ó ku 150. Wàyí o, kí lo nílò lọ́dún? Oúnjẹ, owó ilé, iná, dátà, kọ̀ǹpútà tó ń gbó lọ, owó orí ìjọba, nǹkan tí o máa fi pamọ́. Ká sọ pé ó jẹ́ 9 mílíọ̀nù. Àpẹẹrẹ ni o, ẹ má wá yá owó lọ́wọ́ mi. Pín in sí 150, ọjọ́ kan jẹ́ 60,000. Ẹni tó bá fi 9 mílíọ̀nù pín sí 365, á máa pe ọjọ́ kan ní nǹkan bí 24,700, á sì máa ṣe kàyéfì pé kí ló ń jẹ owó òun.

Ìkejì ni bí mo ṣe ń mọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ máa gbà. Mi ò kí ń pe nọ́ńbà kan ṣoṣo mọ́. Mo máa ń pe mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tó wà nínú iṣẹ́: bí gbogbo nǹkan bá dùn, bí ó ṣe sábà máa ń rí, àti bí gbogbo nǹkan bá dàrú. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló mú ọ̀nà yìí jáde ní 1958, nígbà tí wọ́n ń ṣe ohun ìjà kan tó ń jẹ́ Polaris. PERT ni wọ́n ń pè é. Ìṣirò rẹ̀ ò le: nọ́ńbà ti àárín, sọ ọ́ di mẹ́rin, fi ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn kún un, pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká fi owó díẹ̀díẹ̀ Mọ́mì wò ó. Bó bá dùn, ọjọ́ 2. Bó ṣe sábà máa ń rí, ọjọ́ 5. Bó bá dàrú, 14. 2 àti 20 àti 14, 36 ni. Pín in sí mẹ́fà, ọjọ́ 6 ni. Lóòótọ́, 11 ló gbà, ṣùgbọ́n 6 sún mọ́ 11 ju 1 lọ. Ní 60,000 lọ́jọ́, ìyẹn nìkan jẹ́ 360,000 lówó òní. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn mọ́ tí oníbàárà bá ní, "Kò lè ju yẹn lọ."

Ohun tí mo máa ń wò jù nínú ìṣirò yẹn ni àlàfo tó wà láàárín 2 àti 14. Bí àlàfo bá tóbi, ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì mọ̀. Àìmọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa ń ná. Kóòdù fúnra rẹ̀ kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá máa san owó àìmọ̀? Ìyàn tí à ń jà lórí owó, orí ìyẹn ló wà. Ẹ ti rí bíríkìlà tó ń gba àgbàṣe, ẹ ti rí èyí tó ń gba owó ojúmọ́. Tiwa náà ò yàtọ̀. Bí mo bá gba àgbàṣe, owó kan fún gbogbo iṣẹ́, èmi ni mo gbé ẹrù àìmọ̀. Tí mo bá gbọ́n, màá fi owó ẹ̀rù lé e. Ìyẹn ni pé oníbàárà lè máa sanwó fún ìyọnu tí kò ní ṣẹlẹ̀. Bí mo bá gba owó ojúmọ́, oníbàárà ló gbé ẹrù náà, kò sì mọ ibi tó máa dé. Àwọn kan máa ń sọ pé owó ojúmọ́ ló dáa jù, torí òdodo wà níbẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Àjọ FBI l'Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Virtual Case File. Bí iṣẹ́ ṣe ń gùn ni owó ń gùn, ohun tí wọ́n ń béèrè sì ń yí padà lóòrè-kóòrè. Ní 2005, wọ́n dà á nù, lẹ́yìn tí nǹkan bí 170 mílíọ̀nù dọ́là ti wọlé sí i. FBI lówó tí wọ́n lè pàdánù. Màmá Aláṣọ ò ní.

Nítorí náà, mo ti gé e sí wẹ́wẹ́. Mi ò kí ń pe owó gbogbo iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mọ́. Mo máa ń pe owó ìwádìí nìkan. Màá wá jókòó tì yín. Màá wo ìwé yín, màá wo bí ẹ ṣe ń tà, màá bá ọmọ iṣẹ́ yín sọ̀rọ̀, torí ọmọ iṣẹ́ ló mọ ibi tí ọ̀gá ti ń purọ́ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, màá kọ ìwé kan: ohun tí a máa ṣe, ohun tí a ò ní ṣe, iye ọjọ́, iye owó. Ìwé yẹn di tiyín. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ fún ẹlòmíì kó bá yín ṣe é lówó pọ́ọ́kú, ẹ gbé e lọ, mi ò ní bínú. Ẹ ti sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá sì dúró, ó rọrùn fún mi láti gba àgbàṣe, torí mo ti mọ ohun tó wà nínú igbó. A ó pín in sí ìpele: 40 nínú 100 kí n tó bẹ̀rẹ̀, 30 nígbà tí ẹ bá ti ń lo apá kan rẹ̀, 30 nígbà tó bá parí. Ohunkóhun tí kò sí nínú ìwé, ẹ lè béèrè, àmọ́ màá kọ ọjọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ní kí n ṣe é.

Apá tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù, yàtọ̀ sí ti iṣẹ́ gan-an, ni owó tí kì í ṣe tèmi. Ilé ìtajà áàpù ti Apple ń gba 99 dọ́là lọ́dọọdún, ti Google ń gba 25 dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí dọ́là bá wà ní 1,500, ti Apple nìkan jẹ́ 148,500 náírà, ọdọọdún sì ni. Lẹ́yìn náà ni sáfà àti orúkọ ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó mi, kí bíìlì lè rí wẹ́rẹ́. Ohun tó pa mí lára ní 2023 nìyẹn. Nísinsìnyí, mo máa ń kọ ohun tó jẹ́ dọ́là ní dọ́là, orúkọ oníbàárà ló wà lórí rẹ̀, káàdì oníbàárà ló ń san án. Ó tún dáa fún oníbàárà: bí èmi bá jápa lọ sí Kánádà lọ́la, áàpù wọn ò ní bá mi lọ.

Ẹ má gbàgbé owó tó ń gé lórí owó. Bí ẹ bá ń gba káàdì nípasẹ̀ Paystack ní Nàìjíríà, 1.5 nínú 100 ni, pẹ̀lú 100 náírà bí ọjà bá tó 2,500 sókè, kì í sì í kọjá 2,000 náírà lórí ọjà kan. Aṣọ 45,000, 775 ló máa lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Mọ́mì, wọ́n ní, "775 kékeré." Mo ní, "Èèyàn 200 ńkọ́, Mà?" 155,000 ni. Wọ́n fi ìbò ojú wò mí, wọ́n ní àfi kẹ́ni tó ń rà máa san án.

Ìtọ́jú náà wà níbẹ̀. Áàpù ò dà bíi tábìlì tẹ́ ẹ rà. Fóònù ń yí padà, báńkì ń yí ìlànà wọn padà, nǹkan á bàjẹ́ lóru Sátidé tí ìgbéyàwó mẹ́ta wà. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí sábà máa ń ka 15 sí 20 nínú 100 owó ìkọ́ṣẹ́ sí owó ìtọ́jú ọdún kan. Bí áàpù bá jẹ́ mílíọ̀nù méjì, ẹ fi 300,000 sí 400,000 sọ́kàn lọ́dọọdún. Ẹni tí kò bá fẹ́ san ìyẹn, mo máa ń sọ fún un pé kó má ṣe é rárá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń sọ pé, "Bọ̀dá, ẹnì kan ní òun á bá mi ṣe é ní 150,000." Ó lè jẹ́ òótọ́. Aṣọ wà tí wọ́n rán fún èèyàn, aṣọ wà tí wọ́n ti rán tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ẹni tó pe 150,000 lè fẹ́ fi WordPress àti WooCommerce tò ó fún yín lọ́jọ́ mẹ́ta, ó sì lè tó yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo ti lé oníbàárà lọ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Mo ti fi Google Sheets yanjú ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó gbé mílíọ̀nù kan àbọ̀ wá. Ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Tí mo bá fẹ́ kí ó ṣe báyìí ńkọ́?" Bó bá ní "kékeré ni" láì béèrè ìbéèrè kankan padà, ẹ rántí mi.

Ẹnì kan láti Lọ́ńdọ̀nù béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣé mo máa ń pe owó tó ga fún àwọn ará ìlú òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, bó bá ti sọ "innit" ni màá ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Mo ti jáwọ́. Kì í ṣe torí pé mo di ẹni mímọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí mo bá pe iye torí ojú èèyàn, mo máa ń ṣi ìṣirò ọjọ́ náà pẹ̀lú.

Màmá Aláṣọ ṣì ń lo áàpù wọn. Ojú ìwé tí wọ́n ń ṣí jù lọ ni èyí tó kàn ń to orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè, pẹ̀lú bọ́tìnnì kan tó ń fi WhatsApp rán wọn létí. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Gbogbo nǹkan tó kù, wọ́n ń lò ó díẹ̀díẹ̀.

Oṣù tó kọjá, wọ́n pè mí. Ọmọ wọn fẹ́ ṣí ilé télọ̀, àwọn náà fẹ́ kí nǹkan wọ inú fóònù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èló ni?"

Mo ní, "Mọ́mì, mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá jókòó sílé télọ̀ yẹn fún ọjọ́ méjì, kí n wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọjọ́ méjì yẹn jẹ́ 120,000."

Wọ́n ní, "Láti wá jókòó?"

Mo ní, "Láti wá jókòó, Mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ná an sí 100,000. Mo gbà. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó ń bọ̀ ni mò ń lọ, mo sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má kó ìwé àkọsílẹ̀ kankan pamọ́ fún mi, títí kan èyí tó ti ya.

Ẹ bá mi kí ẹnìkejì mi tí ẹ bá rí i l'Ábẹ́òkúta. Á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ ná.